Ọṣẹ Kò Hó, Ẹ̀wà Kò Rọ̀: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín lórí Omi Líle

Ọ̀rọ̀ omi ló gba ojú ewé yìí lóṣù yìí, Èkìtì sì ni gbogbo lẹ́tà tí a mú ti wá. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti wọlé, tí omi òjò tán nínú agbá, kàǹga àti bọ́ò-hóòlù ni ilé gbogbo ń yíjú sí, ìgbà náà ni àléébù omi inú ilẹ̀ máa ń hàn. Orí àpáta ni Èkìtì jókòó lé. Omi tó ń sun sínú kàǹga wa ń gba inú òkúta tó ti jẹrà àti ojú ibi tí àpáta ti sán kọjá, ó sì ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ lára òkúta náà mú lọ. Kálísíọ̀mù àti magníṣíọ̀mù, èròjà méjì tó ń yọ́ lára òkúta, ló ń mú omi le. Irin ló ń mú un pọ́n. Ẹrẹ̀ ló ń mú un dàrú. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, oògùn wọn kò sì jọra. Nínú ọ̀pọ̀ lẹ́tà wọ̀nyí, oògùn ọ̀kan ni wọ́n ti fi ń wo èkejì, ibẹ̀ sì ni owó ti ń ṣòfò.

ÌBÉÈRÈ: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tuntun. Ọṣẹ tí mo fi ń fọ aṣọ fún ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́lẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ló ń tán báyìí. Wọ́n ní kí n máa da álọ́ọ̀mù sí omi. Mo dà á títí, omi mọ́ gaara, ọṣẹ kò hó síbẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá omi líle ni? – Ìyálé kan, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú álọ́ọ̀mù kúrò lọ́nà, Mà. Iṣẹ́ álọ́ọ̀mù ni kí ó kó ẹrẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń léfòó nínú omi jọ, kí ó wúwo, kí ó rì. Ohun tó mú omi le kì í léfòó. Ó ti yọ́ sínú omi bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ sínú ọbẹ̀. Kò sí asẹ́ tàbí aṣọ funfun tó lè sẹ́ ẹ jáde, álọ́ọ̀mù kò sì lè mú un rì. Omi tó ti mọ́ gaara láti inú bọ́ò-hóòlù kò ní ohun tí álọ́ọ̀mù máa kó. Ẹ má rà á mọ́.

Ohun tó ń jẹ ọṣẹ yín rèé: ọṣẹ máa ń kọ́kọ́ so mọ́ kálísíọ̀mù àti magníṣíọ̀mù inú omi, wọ́n á jọ di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ara bọ́kẹ́ẹ̀tì àti aṣọ. Ìgbà tí ọṣẹ bá tó pa wọ́n tán ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Gbogbo ọṣẹ tó lọ kó tó hó yẹn kò fọ ìdọ̀tí kankan.

Ẹ lè dán omi yín wò nílé. Ẹ wá ìgò oníke mẹ́ta tí wọ́n rí bákan náà, tí omi kan kò sì sí nínú wọn. Ẹ bu omi sẹ̀ǹtílítà 25 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: omi òjò sí àkọ́kọ́, omi ilé yín sí èkejì, omi ilé yín tí ẹ ti sè fún ìṣẹ́jú 10, tó tutù, tó sì tòrò, sí ẹ̀kẹta. Bí kò bá sí omi òjò, omi tó ń kán lára ẹ̀rọ amúlétutù náà rọ̀, ó tó fún ìdánwò yìí. Ẹ wá gé ọṣẹ onígi wẹ́wẹ́, ṣíbí ìmutíì kan tó tẹ́jú, kí ẹ yọ́ ọ sínú sẹ̀ǹtílítà 10 omi òjò gbígbóná. Ẹ máa kán omi ọṣẹ yìí sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán 10 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dé e, kí ẹ mì ín fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹ ka iye ẹ̀kán tí ìgò kọ̀ọ̀kan gbà kí ìfófò tó nípọn bí ìka kan tó dúró fún odidi ìṣẹ́jú kan láìwọlẹ̀. Bí omi ilé yín bá gbà ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ohun tí omi òjò gbà, tó sì funfun bí omi ẹ̀kọ, omi líle ni. Bí iye ẹ̀kán tí èyí tí ẹ sè gbà bá kéré sí ti èyí tí ẹ kò sè, a jẹ́ pé iná lè mú apá kan líle náà kúrò. Bí méjèèjì bá gba iye kan náà, sísè kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ má ṣe lo ọṣẹ oníyẹ̀fun fún ìdánwò yìí o. Wọ́n ti po ohun tó ń jẹ́ kó hó nínú omi líle mọ́ ọn, ó máa tàn yín jẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye rẹ̀ gan-an, ẹ gbé omi lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Mílígíráàmù nínú lítà kan ni wọ́n fi ń ka líle omi. Odo sí 60, omi rírọ̀ ni. 61 sí 120, ó le díẹ̀. 121 sí 180, ó le. Bó bá ti kọjá 180, ó le gan-an. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà, NIS 554, fi òpin sí 150. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ̀rọ kékeré alápò tí wọ́n ń pè ní TDS mítà wá láti fi wọn líle omi fún yín, ẹ má gba èsì rẹ̀. Gbogbo ohun tó yọ́ sínú omi ló ń kà pọ̀, iyọ̀ ọbẹ̀ pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ: Oúnjẹ ni mò ń tà. Láti ìgbà tí mo ti ń lo omi bọ́ò-hóòlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi, ẹ̀wà tó ń jinná ní wákàtí kan àbọ̀ ti ń gba wákàtí mẹ́ta. Gáàsì ń pa mí lówó. Ṣé ẹ̀wà ló burú ni àbí omi? – Olóúnjẹ kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ó lè jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, àmọ́ ẹ lè fi ọjọ́ kan yanjú rẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kún ọwọ́ méjì nínú àpò kan náà, kí ẹ fi omi òjò se ọ̀kan, kí ẹ fi omi bọ́ò-hóòlù se èkejì, nínú ìkòkò tó bára mu, lórí iná tó bára mu. Bí méjèèjì bá le, ẹ̀wà ọ̀hún ti pẹ́ jù nínú àká. Bí ti omi òjò bá rọ̀ tí èkejì kò rọ̀, omi ni.

Ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀ ni pé ohun kan wà láàárín ara ẹ̀wà tó so ó pọ̀ bí àtè. Iná àti omi ló ń tú u kí ẹ̀wà tó rọ̀. Kálísíọ̀mù inú omi líle a wọ inú àtè yìí, a tún un so, kò sì ní jẹ́ kó tú. Ohun tí káún ń ṣe nínú ìkòkò ẹ̀wà láti ayébáyé nìyẹn: ó ń sọ kálísíọ̀mù di ohun funfun tí kò lè so ẹ̀wà mọ́, ó sì tún ń bá iná tú àtè náà. Àwọn ìyá wa kò ṣi káún lò. Àmọ́ bó bá pọ̀ jù, ó ń ba fítámì B inú ẹ̀wà jẹ́, ó sì ń mú un rùn bí ọṣẹ. Fún ẹ̀wà kílò kan, ìdajì ṣíbí ìmutíì káún lílọ̀ tó, ẹ má kọjá a.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ ya agbá omi òjò kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀wà nìkan. Ẹ rẹ ẹ̀wà sínú rẹ̀ mọ́jú, ẹ da omi yẹn nù, kí ẹ fi omi òjò mìíràn sè é. Ẹ má sì tètè da ata àti tòmátì sí i. Kíkan wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀, omi ìbáà rọ̀ bí òwú. Ìgbà tí ẹ̀wà bá ti rọ̀ lẹ́nu ni kí ata tó wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Alágbàfọ̀ ni mí. Yàrá àyẹ̀wò sọ fún mi pé líle omi mi jẹ́ 200. Kí ni mo lè dà sí i kí n má bàa máa fi ọṣẹ ṣòfò? – Alágbàfọ̀ kan, Ìjerò-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Sódà áàṣì, èyí tí àwọn tó ń po ọṣẹ olómi máa ń rà lọ́jà. Kí a tó lọ síwájú: òun kọ́ ni kọ́sítíìkì sódà. Orí tábìlì kan náà ni wọ́n sábà máa ń tà wọ́n, méjèèjì funfun. Kọ́sítíìkì ń bó ara, ó lè fọ́ ojú, ó sì ń jẹ aṣọ. Ẹ má fojú dá wọn mọ̀, ẹ má sì fọwọ́ kàn án láti mọ èwo ni èwo. Èyí tí orúkọ rẹ̀ wà lára àpò nìkan ni kí ẹ rà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ fi iye líle omi lu iye lítà omi, kí ẹ fi 1,000 pín in. Èsì rẹ̀ ni iye gíráàmù sódà áàṣì tí omi náà ń fẹ́, pẹ̀lú díẹ̀ lórí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 tí líle rẹ̀ jẹ́ 200: 200 lọ́nà 20 jẹ́ 4,000, pín in sí 1,000, ó di gíráàmù 4. Ṣíbí ìmutíì kan tó tẹ́jú tó. Bó bá jẹ́ dírọ́ọ̀mù lítà 50 tí líle omi rẹ̀ jẹ́ 300, gíráàmù 15 àti díẹ̀ ni, ìyẹn ṣíbí mẹ́ta. Bí ìwé àyẹ̀wò yín bá fi hàn pé magníṣíọ̀mù ló pọ̀ ju kálísíọ̀mù lọ, ẹ fi ìdajì kún un, nítorí kì í tètè gbọ́ràn sí sódà lẹ́nu.

Ẹ yọ́ sódà sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ná, ẹ dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ rò ó, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Omi á dàrú bí omi ẹfun, á sì tòrò. Ìgbà náà ni ọṣẹ tó wọ̀ ọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn da ọṣẹ àti sódà sí i pa pọ̀: ọṣẹ á ti so mọ́ kálísíọ̀mù kí sódà tó ṣiṣẹ́. Àṣìṣe kejì ni kí ẹ fi omi rírọ̀ fọ aṣọ tán, kí ẹ wá fi omi líle ṣan án. Ọṣẹ tó kù lára aṣọ á tún di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ níbẹ̀, aṣọ funfun á sì máa rí bí eérú lẹ́yìn oṣù méjì. Ẹ fi omi tí ẹ ti rọ̀ ṣan án lẹ́ẹ̀kíní. Ẹ fi ṣíbí ìjẹun méjì fínígà sínú lítà 20 omi ìṣanṣọ ìkẹyìn láti fọ sódà tó kù kúrò. Aṣọ òfì onísányán àti sílíìkì kò gbọdọ̀ kan sódà rárá.

Omi eérú èèpo kòkó, èyí tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó dára, kò sì wọ́n ní Èkìtì, ṣùgbọ́n agbára eérú kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì, nítorí náà fún aṣọ oníbàárà, sódà tí ẹ wọ̀n ló fọkàn balẹ̀ jù. Ọ̀kankan nínú omi wọ̀nyí kì í ṣe mímu.

ÌBÉÈRÈ: Ríǹgì tí mo fi ń se omi ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́rin. Nǹkan funfun bí ẹfun bò ó. Mo fi ọ̀bẹ ha á, ó tún yọ. – Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ọ̀bẹ ló pa èkejì. Bí ọ̀bẹ bá ti ha ara ríǹgì, èépá tún máa ń rí ibi di mú kíákíá, omi sì lè ráyè wọ ibi tí iná wà.

Iná ló ń mú kí kálísíọ̀mù inú omi dì, ibi tó sì gbóná jù ló ti ń dì. Bí èépá náà bá ti nípọn, ooru kò ráyè jáde sínú omi mọ́, irin ríǹgì á gbóná kọjá ààlà láti inú, á sì jó. Ẹ fi kíkan yọ́ ọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára sọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ po ṣíbí ìjẹun méjì citric acid (ìyẹ̀fun kíkan) sínú lítà omi kan, tàbí kí ẹ lo fínígà àti omi ní ìdọ́gba, tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi ní ìdọ́gba. Kí ó lọ́wọ́ọ́rọ́, kó má hó: citric acid tó bá ń hó pẹ̀lú kálísíọ̀mù á tún dì mọ́ ọn, ẹ ó sì ní iṣẹ́ méjì. Ẹ ti ríǹgì bọ̀ ọ́ dé ibi àmì ara rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kan ọwọ́ ìdìmú. Á máa hó wùyẹ̀wùyẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan. Bó bá dákẹ́ tí èépá ṣì kù, kíkan náà ti tán, ẹ pò òmíràn. Ẹ ṣan án dáadáa, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ kó tó padà sára iná.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún kẹ́tùlù, àmọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ẹ se omi kún un lẹ́ẹ̀kan kí ẹ dà á nù. Bó bá jẹ́ ti alumíníọ̀mù, ìṣẹ́jú 15 péré, nítorí kíkan ń jẹ ẹ́. Bí orí ṣáwà bá dí, ẹ bu fínígà sínú ọ̀rá, ẹ so ó mọ́ ọn lálẹ́, kí ẹ tú u láàárọ̀. Kíkan kò gbọdọ̀ kán sórí ilẹ̀ oníterrazzo, ojú ibẹ̀ á jẹ. Kò sì gbọdọ̀ pàdé Jik láé: èéfín tó ń jáde lára méjèèjì ń fún èèyàn lọ́rùn, ó lè pa ẹni tó wà nínú balùwẹ̀ kékeré tí kò ní fèrèsé. Ásíìdì bátìrì mọ́tò kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

ÌBÉÈRÈ: Omi bọ́ò-hóòlù wa máa ń mọ́ bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á. Bó bá di àárọ̀, ó ti pọ́n bí tíì. Àwọn kan wá ta ẹ̀rọ oníyọ̀ fún wa, ó ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ti di aláwọ̀ ilẹ̀. – Bàbá kan, Ìkọ̀lé-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Omi yín lè máà le rárá, Sà. Irin ni. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, irin yọ́ sínú omi, kò ní àwọ̀. Bó bá jáde tó kan afẹ́fẹ́, á dípẹtà nínú omi gẹ́gẹ́ bí àdá ṣe ń dípẹtà lóde. Ìlànà Nàìjíríà kò fẹ́ kó ju mílígíráàmù 0.3 lọ nínú lítà kan, tìtorí àwọ̀, adùn àti aṣọ. Ẹ̀rọ oníyọ̀ tí wọ́n tà fún yín, omi líle ni wọ́n ṣe é fún. Irin wọ ara réṣíìnì, ìyẹn wóró wóró inú rẹ̀ tó ń di kálísíọ̀mù mú, ó dípẹtà síbẹ̀, ó sì dí i pa. Ẹni tó tà á ì bá ti yẹ omi wò kó tó gbowó.

Kí ẹ tó kọ́ ohunkóhun, ẹ wò ó bóyá páìpù ló ń dípẹtà. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fami, ẹ tan pọ́ǹpù, kí ẹ bu omi àkọ́kọ́ sínú ìgò funfun. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ bu òmíràn. Ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ti àkọ́kọ́ bá pọ́n tí ti ìkẹyìn mọ́, páìpù onírin tó gbé pọ́ǹpù rọ̀ nínú bọ́ò-hóòlù ló ń jẹrà, ẹ fi oníke pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Bí méjèèjì bá pọ́n, inú ilẹ̀ ni irin ti ń wá.

Tó bá jẹ́ inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti iyanrìn ni oògùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi kan afẹ́fẹ́ tán, kí ipẹtà rì, kí ẹ wá fi iyanrìn sẹ́ ìyókù. Lórí táńkì àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí páìpù kàn tú omi sínú rẹ̀ gbàà. Ẹ fi páìpù PVC kan dábùú, kí ẹ lu ihò bí 40 sí i, kí ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 3, kí omi máa já bọ́ bí òjò láti òkè tó tó mítà kan, sórí àwo oníhò tí ẹ kó òkúta gíránáítì wẹ́wẹ́ sí. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo gbogbo ẹnu rẹ̀ nítorí ẹ̀fọn. Ẹ jẹ́ kí omi náà sùn níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí páìpù ìfàjáde sì ga ju ìsàlẹ̀ táńkì lọ ní sẹ̀ǹtímítà 20, kí ipẹtà tó rì má bàa bá omi lọ.

Dírọ́ọ̀mù oníke lítà 200 tó fún asẹ́ iyanrìn. Onírin á tún máa bu ipẹtà kún ìṣòro. Ẹ to òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, tó tóbi nísàlẹ̀, tó wẹ́ lókè, kí ẹ to iyanrìn odò lé e ní sẹ̀ǹtímítà 50. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn jọ iyanrìn náà, kí ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara. Iyanrìn tí wọn kò fọ̀ dáadáa ló ń mú kí àwọn èèyàn sọ pé asẹ́ kò ṣiṣẹ́. Ẹnu dírọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin mítà oníhà mẹ́rin kan, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí omi tó ń gba inú rẹ̀ kọjá lítà 250 ní wákàtí kan. Bó bá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ipẹtà á bá a kọjá. Bí ẹ bá rí i pé omi kò tètè kán mọ́, ẹ fi agbára darí omi gba ìsàlẹ̀ wá sókè fún bí ìṣẹ́jú 10, ìdọ̀tí á ṣàn jáde lókè.

Ohun kan lè mú kí gbogbo èyí falẹ̀: bí pH omi, ìyẹn òṣùwọ̀n kíkan rẹ̀, bá kéré sí 6.5. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀ irin kì í tètè dípẹtà. Ẹ pààrọ̀ gíránáítì orí àwo sí mábùù fífọ́ wẹ́wẹ́. Ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé pH sókè, á sì fi líle díẹ̀ kún omi. Bí ara táńkì bá sì ń yọ̀ tọ̀ọ̀ bí ilá, tó pọ́n, kòkòrò tó ń jẹ irin ti wọ bọ́ò-hóòlù. Fún lítà 1,000 omi tó wà nínú rẹ̀, ẹ da nǹkan bíi lítà kan àbọ̀ Jik tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 3.5 nínú 100 sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 12 sí 24 láìlò ó, kí ẹ fà á dànù títí òórùn rẹ̀ á fi tán.

Ní ti aṣọ: ẹ má fi Jik kàn án. Jik ń mú kí ipẹtà dì sára aṣọ títí láé. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni kí ẹ pa mọ́ ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, ẹ ṣan án, ẹ tún un ṣe. Ẹ kọ́kọ́ dán igun kan wò bó bá jẹ́ aṣọ aláwọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kọ́lé, èèyàn mẹ́fà ni wá. Líle omi mi jẹ́ 250, kò ní irin. Ẹnì kan fẹ́ ta ẹ̀rọ oníyọ̀ fún mi, ẹnì kejì ní kí n fi mágínẹ́ẹ̀tì so mọ́ páìpù, kò gba iyọ̀. Èwo ni kí n rà? – Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ má ra mágínẹ́ẹ̀tì. Kì í yọ kálísíọ̀mù kúrò nínú omi. Bí ẹ bá wọn líle omi ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, iye kan náà ni.

Ẹ̀rọ oníyọ̀ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n mọ ilé. Réṣíìnì inú rẹ̀ rí wóró wóró bí ẹyin ẹja. Ó ń di kálísíọ̀mù mú, ó ń tú sódíọ̀mù sílẹ̀ dípò. Bó bá kún, omi iyọ̀ ni ẹ̀rọ náà fi ń fọ̀ ọ́ kó tó tún lè ṣiṣẹ́. Èèyàn mẹ́fà tó ń lo lítà 100 ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo 600 lójúmọ́. Pẹ̀lú líle 250, gíráàmù 150 ni réṣíìnì máa kó lójúmọ́. Lítà réṣíìnì kan ń kó bíi gíráàmù 50. Nítorí náà ẹ̀rọ tó ní lítà 25 á lo ọjọ́ mẹ́jọ kó tó kún, á sì gba iyọ̀ bíi kílò mẹ́ta sí mẹ́rin nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá ń fọ ara rẹ̀. Ẹ ṣírò owó iyọ̀ yẹn fún ọdún kan kí ẹ tó pinnu.

Ohun tó ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀ ni agbára omi. Táńkì tó wà lókè ní mítà 10 ń fúnni ní agbára bar kan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí ń fẹ́ bar kan àbọ̀ sí méjì. Bí òpó táńkì yín bá jẹ́ mítà mẹ́fà, bar 0.6 ni ẹ ní, ẹ̀rọ náà kò ní lè fọ ara rẹ̀, omi líle á sì máa gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ ní láti fi pọ́ǹpù kékeré sáàárín táńkì àti ẹ̀rọ. Ẹ sì béèrè èyí tó ń ka iye omi láìlo iná mànàmáná. Aago èyí tó ń lo iná á máa dúró nígbàkígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, á sì máa fọ ara rẹ̀ lọ́sàn-án gangan nígbà tí ẹ ń wẹ̀.

Ẹ ya páìpù ilé ìdáná àti ti ọgbà sọ́tọ̀ kó tó dé ẹ̀rọ. Omi líle 250 tó bá gba inú ẹ̀rọ yìí á ní bíi mílígíráàmù 115 sódíọ̀mù sí i nínú lítà kan. Ẹni tí dókítà ní kó dín iyọ̀ kù àti ọmọ ìkókó tó ń mu mílíìkì agolo kò nílò ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí omi iyọ̀ tí ẹ̀rọ ń tú dànù ṣàn lọ sẹ́bàá kàǹga tàbí igi eléso.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé omi líle ló ń fa òkúta inú kíndìnrín? – Òǹkàwé kan, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

ÌDÁHÙN: Kò sí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún ìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi òpin sí líle omi nítorí ìlera. Ara wa sì nílò kálísíọ̀mù àti magníṣíọ̀mù. Àìmu omi tó ló ń mú kí irú òkúta bẹ́ẹ̀ tètè dì. Ohun tó yẹ kó kó ìpayà bá yín nínú omi kàǹga ni ṣálángá tó wà nítòsí rẹ̀. Ó kéré tán, kí mítà 30 wà láàárín wọn.

ÌBÉÈRÈ: A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ kàǹga, a fi ríǹgì sìmẹ́ǹtì gbé e ró. Awọ funfun tínrín kan ń bo ojú omi, omi náà sì ń yọ̀ lọ́wọ́. – Tọkọtaya kan, Ìdó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Sìmẹ́ǹtì tuntun ni, kì í ṣe ilẹ̀. Ẹfun inú rẹ̀ ń yọ́ sínú omi, bó bá kan afẹ́fẹ́ a dì sójú omi bí awọ ọ̀rí. Ẹ fa kàǹga náà gbẹ, ẹ jẹ́ kó sun kún, ẹ tún fà á, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kó tó mọ́, ẹ má mu ún, ẹ má sì fi wẹ ọmọ. Ìgbà tí awọ náà kò bá yọ mọ́ ni kí ẹ tó gbé omi lọ fún àyẹ̀wò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sìmẹ́ǹtì ni ẹ máa sanwó láti yẹ̀ wò.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ máa gba omi òjò fún aṣọ àti irun. Òrùlé mi fẹ̀ tó mítà oníhà mẹ́rin 50. Ṣé ó tó nǹkan? – Olùkọ́ kan, Ọ̀múò-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ó tó. Òjò mílímítà kan lórí mítà oníhà mẹ́rin kan jẹ́ lítà omi kan. Bí òjò mílímítà 20 bá rọ̀ sórí páànù yín, tí ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó ta dànù, lítà 800 ni ẹ máa gbà ní ọjọ́ kan péré. Omi rírọ̀ pátápátá ni.

Omi tó kọ́kọ́ ṣàn lórí páànù ló kó eruku ọyẹ́, ewé àti ìgbẹ́ ẹyẹ, ẹ má jẹ́ kó wọ táńkì. Lítà 25 ni kí ẹ ya sọ́tọ̀ fún òrùlé tó fẹ̀ tó tiyín. Páìpù ínǹsì mẹ́rin ń gba bíi lítà mẹ́jọ nínú mítà kan, nítorí náà ẹ so páìpù mítà mẹ́ta tó dúró ṣánṣán mọ́ ọ̀nà omi pẹ̀lú ìsopọ̀ alẹ́nu mẹ́ta, kó wà ṣáájú táńkì. Omi ìdọ̀tí á kọ́kọ́ kún un, ìgbà tó bá kún ni omi mímọ́ á tó yà sí táńkì. Ẹ lu ihò mílímítà mẹ́ta sí ìdérí ìsàlẹ̀ páìpù náà kó lè máa kán gbẹ kí òjò mìíràn tó dé. Ihò yẹn máa ń dí, ẹ fi ìṣó gún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òjò méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ṣàn dànù, bó ti wù kí táńkì gbẹ tó.